Server Windows ní ọ́fíìsì: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù

Iṣẹ́ mi ni kí n máa mójú tó server àti kọ̀ǹpútà láwọn ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn wà láàárín 30 sí 150. Àwọn tó sábà máa ń pè mí ni àwọn tó dá nìkan wà nídìí iṣẹ́ yìí: àwọn ló ń fa wáyà, àwọn ló ń ṣí akáǹtì fún òṣìṣẹ́ tuntun, àwọn náà ni wọ́n ń rán lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo ṣa ìbéèrè wọn jọ síbí. Bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ, ẹ óò rí i pé nǹkan méjì ló ń padà wá léraléra, DNS (ètò tó ń sọ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tó wà nídìí orúkọ kan) àti aago. Kì í ṣe pé mi ò mọ nǹkan mìíràn sọ. Ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí.

Kí ni domain controller ń ṣe gan-an?

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀ ní ìwé kan lọ́wọ́: orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà nínú ẹ̀, yàrá tí kálukú lè wọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìwé yẹn ni Active Directory, tó ti wà láti ìgbà Windows 2000. Gbogbo òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà tó wà nínú ìwé kan náà là ń pè ní domain. Server tó gbé ìwé náà dání là ń pè ní domain controller, DC lẹ́nu wa. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ password rẹ̀ láàárọ̀, DC ló máa sọ pé ẹni náà ni lóòótọ́, á wá fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò máa fi hàn níbikíbi tó bá dé, ì báà jẹ́ fódà ẹ̀ka ìṣirò owó tàbí printer. Ètò tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni wọ́n ń pè ní Kerberos. A máa padà dé orí ẹ̀ tá a bá ń sọ̀rọ̀ aago.

Kọ̀ǹpútà kan ní òun ò rí domain, bẹ́ẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lórí DNS. Kí ẹ tó tú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó pààrọ̀ wáyà, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig /all, kí ẹ wo ìlà DNS Servers. Bí ẹ bá rí 8.8.8.8 (DNS ti Google) níbẹ̀, tàbí nọ́ńbà router, ọwọ́ yín ti tẹ olè.

Ìdí rèé. Kọ̀ǹpútà kì í dédé mọ ibi tí DC wà. DNS ló máa ń bi pé ta ló ń ṣe iṣẹ́ DC fún domain wa. Ìdáhùn yẹn wà nínú àkọsílẹ̀ kan tó ń jẹ́ SRV record, inú DNS ti DC yín nìkan ló sì wà. Google kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi Google láti àárọ̀ di alẹ́, ohun kan náà ló máa sọ: kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ fún mi ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, DC ni mo fi sí ipò kìíní o, 8.8.8.8 ni mo fi sí ipò kejì, torí bí DC bá kú, kí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa lọ.” Ó jọ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí DC bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn lẹ́ẹ̀kan péré, Windows á yí sí 8.8.8.8, ó sì lè jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí 8.8.8.8 bá wá sọ pé “kò sí,” ìdáhùn pípé ni “kò sí” lójú Windows, kò ní padà lọ bi DC. Ìdí nìyẹn tí àìsàn yìí fi máa ń wá tó máa ń lọ, tí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn á dà bíi pé ó ti san, lọ́jọ́ kejì ó tún dé.

Bí ẹ óò ṣe wò ó sàn nìyí: DC nìkan ni kí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ máa bi, méjèèjì bí ẹ bá ní méjì. Orí DC fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ kọ 8.8.8.8 sí, tàbí DNS àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, lábẹ́ Forwarders, àwọn tí DC máa ń lọ bi ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ ipconfig /flushdns lórí kọ̀ǹpútà yẹn, kí ẹ sì dán an wò báyìí:

nslookup -type=srv _ldap._tcp.dc._msdcs.ad.example.com

Ẹ fi orúkọ domain yín rọ́pò ad.example.com. Bí orúkọ DC yín bá jáde, DNS ti mọ́. Bí kò bá jáde, bẹ́ẹ̀ DC ni kọ̀ǹpútà ń bi lóòótọ́, ara DC ni àìsàn wà. Ẹ tún service Netlogon bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀, torí òun ló ń kọ àwọn SRV record sínú DNS, kí ẹ wá fi dcdiag /test:dns yẹ̀ ẹ́ wò.

Aago kọ̀ǹpútà kan fi wákàtí kan yàtọ̀. Ṣé ìyẹn náà lè ní kéèyàn má lè ṣiṣẹ́?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí aago kọ̀ǹpútà àti ti DC bá fi ju ìṣẹ́jú 5 yàtọ̀ síra, Kerberos kì í gbà, àfi bí ẹnì kan bá ti yí iye yẹn padà. Wọ́n ń kọ àkókò mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lára ni, kí ẹni tó bá jí i gbé lónìí má lè fi jẹun lọ́la.

Èyí ṣojú mi. Ilé-iṣẹ́ kan ra láptọ́ọ̀pù tókúnbọ̀ mẹ́jọ tó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá, nínú oṣù kẹjọ. Wọ́n wo aago ojú rẹ̀, ó bá ti fóònù mu rẹ́gí, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò wo Time zone, London ló ṣì wà. Lóṣù kẹjọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ti aago wọn síwájú fún ìgbà ooru, nítorí náà tiwọn àti tiwa máa ń dọ́gba. Ó di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, wọ́n fa aago wọn padà ní wákàtí kan, àwọn láptọ́ọ̀pù yẹn náà bá wọn fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé aago àwọn ti lọ sẹ́yìn. Agbára administrator wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ló bá di pé kálukú ń fọwọ́ ti tirẹ̀ síwájú.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bà jẹ́. Kerberos kì í wo aago tí ojú wa ń rí. UTC, aago àgbáyé, ló ń wò, èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti ara aago àti Time zone. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, UTC wọn tọ́. Ìgbà tí wọ́n tì í tán ló wá fi wákàtí kan ṣáájú ti DC. Nígbà tí mo máa débẹ̀ ní aago mẹ́wàá, fódà ò ṣí, printer ò gbọ́, gbogbo ọ́fíìsì ti fẹnu kò pé virus ni.

Time zone ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kì í ṣe aago:

tzutil /s "W. Central Africa Standard Time"

Lẹ́yìn náà, w32tm /resync. Kí ẹ sì gba agbára administrator yẹn lọ́wọ́ wọn.

Láti ọ̀dọ̀ ta ni DC fúnra rẹ̀ ti ń gba aago?

Àwọn kọ̀ǹpútà ń gbà á lọ́wọ́ DC, àwọn DC ń gbà á lọ́wọ́ DC kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ PDC emulator, òun náà ló yẹ kó jáde síta lọ gbà á, ní pọ́ọ̀tù UDP 123. Ẹ tẹ netdom query fsmo kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ PDC, ẹ wá tẹ w32tm /query /source lórí rẹ̀. Bí ó bá sọ pé Local CMOS Clock, a jẹ́ pé orí ara rẹ̀ ló ń dá lò, kò bi ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá sọ pé VM IC Time Synchronization Provider, èyí tún burú ju ìyẹn lọ. DC náà wà nínú Hyper-V nìyẹn (ètò Windows tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan gbé server mìíràn sínú), ara ẹ̀rọ tó gbé e ló ti ń wo aago, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yẹn gan-an wà nínú domain, ọ̀dọ̀ DC lòun náà ti ń wò ó. Afọ́jú ń fa afọ́jú, àwọn méjèèjì á jọ máa sún kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Ẹ lọ yọ Time synchronization kúrò nínú Integration Services ti DC yẹn, kí ẹ sì júwe ìta fún un:

w32tm /config /manualpeerlist:"0.africa.pool.ntp.org,0x8 1.africa.pool.ntp.org,0x8" /syncfromflags:manual /reliable:yes /update

Iná máa ń lọ lójijì. UPS wà, ṣé ìyẹn ò tó?

UPS tí kò bá server sọ̀rọ̀ ò yàtọ̀ sí bátìrì lásán. Á gbé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà òun náà á kú, server á sì ṣubú lójijì bákan náà. Wáyà USB kan máa ń bá ọ̀pọ̀ UPS wá nínú páálí. Inú páálí yẹn náà ni mo sábà máa ń bá a, nínú ọ̀rá rẹ̀, wọn ò tíì tú u. Ẹ fi so UPS mọ́ server, kí ẹ fi software UPS sí i, kí ẹ sì ní kí server pa ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí bátìrì bá ti ku ìdajì. Ibi tí Active Directory ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ni fáìlì kan tó ń jẹ́ ntds.dit. Ó máa ń fara da ìṣubú lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ ẹ má dán an wò lójoojúmọ́.

Nǹkan míì ni ẹni tó ń pa jẹnẹrétọ̀ nírọ̀lẹ́. Kò mọ̀ pé server wà láyé. Ẹ lọ bá a, ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un ní nọ́ńbà fóònù yín, ẹ ní kó máa pè yín kó tó pa á. Mo mọ ọ́fíìsì tí ìyẹn nìkan ti tún nǹkan ṣe ju gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n rà lọ.

Bí iná bá dé, ẹ tẹ̀ lé ètò: switch lẹ ó kọ́kọ́ tàn, lẹ́yìn rẹ̀ DC, lẹ́yìn DC ni server yòókù. DC tó bá jí ṣáájú switch lè rò pé àárín ọjà lòun wà, firewall rẹ̀ á bọ́ sí Public, á wá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo èèyàn. Iná rẹ̀ á máa tàn, ẹ óò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ pa káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ nínú Windows, ẹ tún un ṣí, á mọ ilé rẹ̀ padà.

Bátìrì kékeré kan tún wà lórí pátákó inú server, CR2032, fólítì 3. Ìgbà tí aago bá ń padà sí ọdún tó ti kọjá lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tán, òun ló ti kú.

IP tó jáde lórí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Kí nìyẹn?

Kò rí DHCP ni, ìyẹn ètò tó ń pín àdírẹ́sì IP fún kọ̀ǹpútà, ló bá fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì. Ẹ wo wáyà, ẹ wo switch, ẹ wo bóyá service DHCP ń ṣiṣẹ́ lórí server, kí ẹ sì wo bóyá àdírẹ́sì ti tán nínú scope, ìyẹn àwọn àdírẹ́sì tí DHCP ní láti pín. Àdírẹ́sì kan máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á fún ọjọ́ 8 bí ẹ ò bá yí i. Ní ọ́fíìsì tí àlejò ń wọ̀ tó ń jáde, tí fóònù gbogbo wọn ń gba Wi-Fi, 200 á tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

IP jáde lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú tiwa. 192.168.0 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ 10.10 ni tiwa.

Ẹ wá router tó wà lábẹ́ tábìlì.

Mi ò ṣàwàdà. Ẹnì kan ti gbé router ilé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì nítorí pé Wi-Fi ò dé ìjókòó rẹ̀ dáadáa, ó wá ki wáyà ògiri bọ ihò LAN dípò WAN. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni router náà ti ń pín IP fún gbogbo ẹni tó bá béèrè, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni kọ̀ǹpútà sì máa ń gbà sí lẹ́nu. Ẹ má gbọ́kàn lé e pé ẹ ti fọwọ́ sí DHCP nínú Active Directory. Server Windows nìkan ni òfin yẹn ń mú, router ọjà ò mọ òfin kankan.

Bí a ṣe mú ọ̀kan rèé. Lórí kọ̀ǹpútà tó gba IP àjèjì yẹn, ipconfig /all sọ fún wa pé 192.168.0.1 ni DHCP Server. A fi ping kàn án, a tẹ arp -a, a rí nọ́ńbà MAC rẹ̀, èyí tó wà lára káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. A wọ inú switch, a wá MAC yẹn nínú tábìlì rẹ̀, ó ní pọ́ọ̀tù 17 ló wà. A tọ wáyà pọ́ọ̀tù 17 lẹ́sẹ̀ gba orí àjà, a sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀ka ìtajà, lẹ́yìn páálí ìwé kan, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó ni ín ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ló mú ilé dúró láti àárọ̀. Bí switch yín bá ní DHCP snooping, ẹ ṣí i lónìí, kí pọ́ọ̀tù tó lọ sọ́dọ̀ DHCP yín nìkan máa láṣẹ láti pín IP.

“The trust relationship between this workstation and the primary domain failed.” Ṣé kí n yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò ní domain kí n tún dá a padà?

Ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà àti domain kò fọkàn tán ara wọn mọ́. Yíyọ ọ́ á ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ gba ọ̀nà jíjìn. Kọ̀ǹpútà ní password tirẹ̀ lọ́dọ̀ DC bí òṣìṣẹ́ ṣe ní, ó sì máa ń yí i fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 30 síra. Bí ẹ bá fi backup àtijọ́ gbé kọ̀ǹpútà dìde, password àtijọ́ ló máa mú bọ̀, DC á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan máa ń sọ pé torí láptọ́ọ̀pù ti jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìyípadà yẹn, bí kò bá tàn, kò sí ohun tó yí.

Ẹ fi akáǹtì administrator ti orí kọ̀ǹpútà náà wọlé, ẹ ṣí Windows PowerShell tó bá Windows wá, ẹ tẹ:

Test-ComputerSecureChannel -Repair -Credential AD\oruko

Níbi AD\oruko, orúkọ domain àti orúkọ akáǹtì tó lágbára níbẹ̀ ni kí ẹ kọ. Bí ó bá dáhùn True, ó parí. Bí ẹ ò bá rántí password administrator orí kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí akáǹtì domain kan tó jẹ́ administrator lórí ẹ̀, tó sì ti wọ ibẹ̀ rí, wọlé. Bí Windows ò bá rí DC, ó ṣì máa ń rántí èèyàn 10 tó wọlé kẹ́yìn. Ẹ wá ki wáyà bọ̀ ọ́ padà kí ẹ tó tẹ àṣẹ náà.

Akáǹtì ọ̀gá wa ń tì léraléra. Mo ṣí i, kò pé ìṣẹ́jú 10 ó tún ti.

Ẹ yé ṣí i, ẹ wá ẹni tó ń tì í. Lórí PDC emulator, ẹ ṣí Event Viewer, ẹ lọ sínú Security, ẹ sẹ́ nọ́ńbà 4740 jáde. Ibi tí wọ́n kọ Caller Computer Name sí ló máa júwe ibi tí password burúkú yẹn ti ń wá. Ó lè jẹ́ server tí ọ̀gá wọ̀ tí kò jáde dáadáa, tàbí drive tí wọ́n fi password àtijọ́ so, tàbí iṣẹ́ Task Scheduler kan tí ẹni tó ti kúrò níbi iṣẹ́ fi orúkọ ọ̀gá ṣe.

Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn, orúkọ server email ló jáde. Ìyẹn túmọ̀ sí pé fóònù kan ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀gá ní fóònù òun kan ṣoṣo ni, ó ti yí password sórí ẹ̀, ó sì fi hàn mí. Ọjọ́ méjì la fi wá a. Fóònù rẹ̀ àtijọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, ó ń fi gbá géèmù, email ọ́fíìsì ṣì wà lórí ẹ̀. Ọmọ ń gbá géèmù, akáǹtì bàbá ń tì.

Mo ṣe Group Policy, kò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni.

Group Policy ni òfin tí DC ń pín fún gbogbo kọ̀ǹpútà àti òṣìṣẹ́. Ṣé ẹ ti dúró dè é? Ìṣẹ́jú 90 síra ni kọ̀ǹpútà máa ń lọ wò ó, pẹ̀lú àfikún tó lè tó ìṣẹ́jú 30. Bí ẹ ò bá lè dúró, gpupdate /force. Lẹ́yìn náà, gpresult /r á sọ àwọn policy tó wọlé àtàwọn tí kò wọlé, àti ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ti so policy ti User mọ́ OU (fódà inú Active Directory) tó jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àgbà náà.

Ìkẹkùn kan wà tó ṣì ń mú èèyàn: bí ẹ bá yọ Authenticated Users (gbogbo òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà domain) kúrò lára policy kí ó lè mú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà àtúnṣe MS16-072 ti oṣù kẹfà ọdún 2016, kọ̀ǹpútà ló ń lọ ka policy òṣìṣẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ò bá láṣẹ láti kà á, policy ò ní wọlé, kò sì ní pariwo. Ẹ dá Authenticated Users padà sí abala Delegation, kí ẹ fún un ní Read nìkan.

Nínú àṣẹ Share àti àṣẹ NTFS, èwo ló ń ṣiṣẹ́?

Méjèèjì. Share ni àṣẹ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, NTFS ni àṣẹ tó wà lórí fódà fúnra rẹ̀. Èyí tó bá le jù ló sì máa borí fún ẹni tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kí Share tú sílẹ̀ fún Authenticated Users, kí ẹ fi NTFS ṣe òfin gidi, kí ẹ má sì fún ẹnì kankan ní àṣẹ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni kí ẹ fún.

Ṣé DC kan ò tó wa?

Kò tó. Lọ́jọ́ tí ẹyọ kan yẹn bá kú, kò sí ẹni tó máa wọlé. Ẹ ní méjì, kí méjèèjì má sì wà lórí ẹ̀rọ kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní méjì gbọ́dọ̀ máa wò bóyá wọ́n ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. repadmin /replsummary lẹ ó máa tẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ wo ìlà largest delta: bí ó bá ti ju ọjọ́ kan lọ, nǹkan ń ṣe. Wọ́n pè mí lọ síbì kan tí wọ́n ti pa DC ẹ̀ka ọ́fíìsì wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń tún òrùlé ṣe. Ó ju oṣù méje lọ. Wọ́n fẹ́ kí n bá wọn tàn án, mo ní kí wọ́n má tàn án rárá. Ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ nínú Active Directory, ọjọ́ 180 péré ni wọ́n fi ń rántí pé ó ti kú, bí ẹ ò bá yí iye yẹn. DC tó bá sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ á jí pẹ̀lú òkú òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. A fi ntdsutil nu orúkọ rẹ̀ kúrò, a fọ díìsìkì rẹ̀, a ṣe é ní tuntun.

A ní backup. Ṣé ọkàn wa lè balẹ̀?

Ìgbà wo lẹ dá fáìlì kan padà láti inú ẹ̀ kẹ́yìn? Bí ẹ ò bá rántí, ẹ ò tíì ní backup, díìsìkì lẹ ní.

Ní May 12, 2017, WannaCry, virus tó ń ti fáìlì pa kó lè gba owó, tú jáde, ó gba SMBv1 (ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì) wọlé ní pọ́ọ̀tù 445, ó dé ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan nínú wọn sì dá aláìsàn padà sílé. Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀, MS17-010, jáde láti oṣù kẹta ọdún yẹn. Oṣù méjì gbáko ni àwọn tí kò fi sí i ní. Láti ìgbà náà, irú olè yìí ti gbọ́n sí i: backup ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá. Díìsìkì USB tó wà lẹ́yìn server tọ̀sán tòru, tó ní lẹ́tà E:, wọ́n á bá a mú un lọ ni.

Nítorí náà, ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ibi ìkóǹkansí méjì, kí ọ̀kan wà níta ọ́fíìsì. Díìsìkì USB méjì tẹ́ ẹ̀ ń pààrọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, tí ọ̀kan máa ń bá ẹnì kan lọ sílé, ó dáa ju ohun olówó iyebíye tó so mọ́ server lọ. Ní ti DC, system state, ìyẹn Active Directory àti ètò inú Windows, ni kí ẹ mú:

wbadmin start systemstatebackup -backuptarget:E:

Kí ẹ sì rí i pé ẹnì kan mọ password DSRM (ipò tí a ti ń tún DC ṣe), èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe DC. Láìsí i, ẹ ò lè wọ ibi tí wọ́n ti ń dá system state padà. Ẹ tún ṣí Recycle Bin ti Active Directory. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣí i, á gbà yín lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá pa OU odindi rẹ́.

Windows Server 2012 R2 wa ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé ó di dandan kí a pààrọ̀ rẹ̀?

Dandan ni. October 10, 2023 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ parí. Kí ẹ má sì sá fún 2012 lọ bá 2016, torí January 12, 2027 ni tirẹ̀. 2019 ń lọ dé January 9, 2029, 2022 dé October 14, 2031. Owó kan náà lẹ máa ná, ẹ gba èyí tó máa pẹ́.

A fẹ́ ṣe domain tuntun. Orúkọ wo ni kí a fún un?

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má lo .local, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé àtijọ́ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ohun tí Mac àti ọ̀pọ̀ printer ń fi wá ara wọn kiri ni .local, wọ́n á máa gún ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ mú orúkọ tí ẹ ti rà fún wẹ́ẹ̀bù yín, kí ẹ fi ad síwájú rẹ̀, bíi ad.example.com. Bí ẹ bá fi orúkọ wẹ́ẹ̀bù gan-an ṣe domain, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ò bá rí wẹ́ẹ̀bù ilé-iṣẹ́ yín láti inú ọ́fíìsì, ẹ ó pè mí. Yíyí orúkọ padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta jẹ́ iṣẹ́ tí mi ò ní gbé fún ọ̀tá mi.

Ọ̀gá ní kí n fún òun ní Domain Admin, pé òun lòun ni ilé-iṣẹ́.

Òótọ́ ni, àwọn ló ni ín. Àmọ́ Domain Admin lè ṣe ohunkóhun nínú domain. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Sà, ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò, àmọ́ dírẹ́bà ló ń di sítíárì mú.” Bí wọn ò bá gbà, ẹ ṣe akáǹtì kejì fún wọn tó lágbára yẹn, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń ka email, kí ẹ tẹ password rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ fi í sínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa, kí wọ́n kó o sínú sééfù wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣí i rárá. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kó wà lọ́wọ́ wọn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú, ṣé kí n kàn pa server kí n tún un tàn?

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú fọ́tò ohun tó wà lójú rẹ̀, tí ẹ ti kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ sì ti wo ìlà pupa nínú Event Viewer láàárín wákàtí tó ṣáájú. Bí ẹ bá tún un tàn láì wò ó, ó lè san, àmọ́ ẹ ò ní mọ ohun tó ṣe é, ọjọ́ Ẹtì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń padà wá.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni kí n kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀?

Orúkọ àwọn DC, IP wọn, àti èyí tó jẹ́ PDC emulator. Password DSRM. Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù switch àti yàrá tí wáyà rẹ̀ ń lọ. Ibi tí díìsìkì backup wà, àti ọjọ́ tí ẹ dán an wò kẹ́yìn. Orúkọ ẹni tó ń pa jẹnẹrétọ̀, àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ fún ọ̀gá ní ẹ̀dà kan. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ dáadáa, tí wọ́n ya àwòrán sí, tí wọ́n wá tọ́jú sínú fódà kan lórí server tó kú yẹn gan-an.